Ẹ gbé ráàkì ilé yín síta ká rí i: firewall, iná, àti bẹ́ ẹ ṣe tò ó

AkínWáyà (Ìbàdàn)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká ṣakọ díẹ̀ lónìí. Fọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn kì í ṣe ti ọ́fíìsì o, pálọ̀ mi ni, kọ̀rọ̀ ibi tí ìyàwó mi fẹ́ gbé fíríjì kejì sí ká tó jọ dúnàá-dúrà. Ráàkì 9U ni (férémù irin tá a ń to ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí, U ni wọ́n fi ń wọn gíga ẹ̀), wẹ́dà àdúgbò wa ló jó o fún mi, mo ní kó fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Láti òkè wá sílẹ̀: patch panel (ibi tí gbogbo wáyà ilé parí sí), súwíìṣì oníhò 16 tó mọ VLAN (ó lè pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), kọ̀ǹpútà kékeré ThinkCentre M720q tokunbo tó ń ṣe firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ilé (mo ki káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì Intel i350 oníhò mẹ́rin sínú ẹ̀, sọ́fítíwíà firewall tó ń jẹ́ OPNsense ló ń lọ lórí ẹ̀), M720q kejì tó gbé Proxmox (sọ́fítíwíà tó ń pín ẹ̀rọ kan sí kọ̀ǹpútà àfojúrí púpọ̀, ìyẹn VM), háàdì méjì tí fọ́tò ẹbí wà lórí ẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni bátìrì lithium 12.8V 100Ah. Gbogbo ẹ̀ pọ̀, tí mo bá fi mítà wọ̀n ọ́n níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń rìn ní nǹkan bí 60W. Ẹ gbé tiyín náà wá, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ tiẹ̀ kó béèrè, kò sí ìbéèrè òmùgọ̀ níbí.

MummyNetwork (Abẹ́òkúta)
Ọ̀gá Akín, ẹ kú iṣẹ́ o, wáyà yín tò bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún wẹ́dà yín gan-an? Tèmi ní òun lè jó geètì, òun lè jó bọ́nkà, àmọ́ òun ò mọ ibi tí òun máa lu ihò ráàkì sí.

AkínWáyà (Ìbàdàn)
Àǹtí, ẹ kọ ọ́ sórí bébà fún un, ẹ má fi ẹnu sọ ọ́. Iwájú ohunkóhun tó bá ń wọ ráàkì fẹ̀ tó 482.6mm, ìyẹn ínǹṣì 19. Àlàfo àárín irin méjèèjì ò gbọdọ̀ dín ní 450mm, láti àárín ihò òsì dé àárín ihò ọ̀tún sì jẹ́ 465mm. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni ihò olóòró. U kan ga tó 44.45mm, ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn ihò yẹn ò jìnnà síra wọn bákan náà: 15.9, 15.9, 12.7, á wá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wẹ́dà tó bá pín in dọ́gba, síkúrúù ò ní bá ihò mu. Tẹ́ ò bá fẹ́ wàhálà, ẹ ra irin ráàkì tí wọ́n ti lu sílẹ̀, kí wẹ́dà kàn jó férémù yí i ká. Nọ́ọ̀tì inú kéèjì ẹ̀, M6 lẹ máa béèrè.

ÒgáSáfà (Ìkẹjà)
Ẹ̀yin àti àwọn páálí ṣúgà yín. Ẹ wo sáfà gidi: Dell PowerEdge R720, CPU méjì, RAM 128GB, Computer Village ni mo ti gbé e, tokunbo tó mọ́ bí omi. Tó bá ń dìde, gbogbo ilé á gbọ́. pfSense mi (sọ́fítíwíà firewall) wà nínú ẹ̀ bíi VM, Jellyfin tó ń gbé fíìmù wà nínú ẹ̀, Nextcloud tó ń tọ́jú fáìlì wà nínú ẹ̀, Windows tí mo fi ń kọ́ Active Directory wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ kan, iṣẹ́ mẹ́wàá. Kí lẹ tún fẹ́?

TóyìnSólà (Òṣogbo)
Kí la tún fẹ́? Iná la fẹ́, ọ̀gá mi 😂

Iṣẹ́ sólà ni mo ń ṣe nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n ṣírò. Irú R720 yẹn, tó bá jókòó láìṣe nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká fún un ní 150W. Wákàtí 24 á jẹ́ 3.6kWh lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ á jẹ́ unit 108. Tẹ́ ẹ bá wà lórí Band A, tá a fi iye ọdún 2024, ₦209.50, ṣírò unit kan, ₦22,626 nìyẹn lóṣù kan, ẹ ò tíì tan fáànù, ẹ ò tíì lọ aṣọ. Ti Bọ̀dá Akín ní 60W, unit 43.2 ni, bí ₦9,050. Ìyẹn tí iná bá wà o. Tí wọ́n bá mú un lọ, bátìrì 12.8V 100Ah jẹ́ 1,280Wh, tá a bá lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, tá a yọ èyí tí íńfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ, ká ní 900Wh ló kù. 60W á lò ó fún bíi wákàtí 15, ẹ lè sùn kẹ́ ẹ jí. 150W á jẹ ẹ́ tán ní wákàtí 6, tí wọ́n bá mú iná ní aago mẹ́wàá alẹ́ ìdájí ni firewall máa kú pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ohun kejì, ẹ wo sẹ́tíǹgì íńfátà yín. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ní ọ̀nà ìlò méjì, APL (fún ẹ̀rọ ilé) àti UPS (fún kọ̀ǹpútà). Ní APL ó lè tó mílísẹ́kọ́ńdì 20 kó tó yípadà sí bátìrì, ní UPS bíi 10. Ẹlòmíì á sọ pé íńfátà òun "ń pa kọ̀ǹpútà", kẹ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé APL ló wà látọjọ́ tí wọ́n ti fi í.

ÒgáSáfà (Ìkẹjà)
Tóyìn, ẹ ti ba ayọ̀ mi jẹ́ lówùúrọ̀ Sátidé.

MummyNetwork (Abẹ́òkúta)
Tóyìn, ẹ má dá a lóhùn o, òótọ́ lẹ sọ. Èmi ò tiẹ̀ ní fi firewall ilé sínú VM tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo ní. Mo mọ̀ pé ó ṣe é ṣe, Proxmox ń ṣe é dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe update kẹ́ ẹ sì pa á kẹ́ ẹ tún un tan, ilé ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wà lórí kíláàsì, ọ̀gá ilé wà lórí Zoom, ẹ̀yin fúnra yín ò sì lè wá ojútùú lórí Google torí ọ̀nà Google ló wà nínú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ pa.

Tèmi rèé, ẹ má wo ògiri, a ò tíì kùn ún. Àpótí kékeré tó ń lo CPU Intel N100 ni, kò ní fáànù, ihò 2.5G mẹ́rin, Intel i226 ni gbogbo wọn. Ṣé ẹ ti rí i, àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò gan-an ni bí mo ṣe pín ilé. VLAN 10 ti èmi àti bàbá wọn, 20 ti àwọn ọmọ, 30 ti tẹlifíṣọ̀n àti gbogbo gílóòbù tó ń gbọ́ràn, 40 ti kámẹ́rà pẹ̀lú àpótí tó ń gbà á sílẹ̀, 50 ti àlejò. 40 ò rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìgbà tí mo wo log (àkọsílẹ̀ firewall) ni mo rí i pé kámẹ́rà kan ń pe sáfà kan lókè òkun ní gbogbo ìgbà, mo ní ta ló rán ọ níṣẹ́? Mo ti ilẹ̀kùn. Fídíò ṣì ń wọlé bó ṣe yẹ.

Ẹ kíyè sí bẹ́ ẹ ṣe ń to òfin o. Lórí interface (ẹnu ọ̀nà) kọ̀ọ̀kan, òkè ló ti ń kà wálẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló máa tẹ̀lé, kò ní ka ìyókù. Tẹ́ ẹ bá fi "kí àlejò lọ síbi tó wù ú" ṣáájú, tẹ́ ẹ wá fi "kó má wọ 192.168" (àdírẹ́ẹ̀sì inú ilé nìyẹn) tẹ̀lé e, ti kejì yẹn ẹ kọ ọ́ lásán. Bí mo ṣe ń to ti àlejò: kó lè béèrè DNS (ohun tó ń sọ orúkọ ojúewé di nọ́ńbà) lọ́wọ́ firewall, lẹ́yìn náà kó má wọ 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12 àti 192.168.0.0/16, lẹ́yìn náà kó lọ síta. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ti DNS yẹn, àlejò á ní Wi-Fi yín ò ṣiṣẹ́, ẹ̀yin á ní ó ń ṣiṣẹ́, ìjà á dé.

ỌmọIfẹ̀
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mi ò lówó N100, mi ò lówó ráàkì. Kí ni mo lè fi bẹ̀rẹ̀? Àti pé pfSense ni àbí OPNsense, gbogbo fídíò tí mo wò ló ń jà sí èyí.

AkínWáyà (Ìbàdàn)
Àbúrò, káàbọ̀. Má jẹ́ kí ìjà yẹn gba àsìkò ẹ. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. m0n0wall ló ṣáájú, pfSense yà kúrò lára ẹ̀ lọ́dún 2004, OPNsense wá yà kúrò lára pfSense, wọ́n gbé e jáde ní January 2015, oṣù tó tẹ̀ lé e ni ẹni tó ṣe m0n0wall kógbá sílé tó sì ní kí àwọn èèyàn òun lọ wo OPNsense. Méjèèjì ló jókòó lórí FreeBSD, ètò tó ń darí ẹ̀rọ bíi Windows tàbí Linux. Kọ́ ọ̀kan, wàá mọ èkejì. OPNsense lèmi ń lò torí ojú ẹ̀ mọ́ sí mi lára, òun nìkan ni ìdí.

Ohun tí FreeBSD ń bá èèyàn jà lé lórí ni káàdì Realtek. Á ṣiṣẹ́ lónìí, á dákẹ́ lọ́la tí nǹkan bá pọ̀ lórí ẹ̀. Intel ni kó o wá, tó bá sì jẹ́ i350 tokunbo, fara balẹ̀ o, ayédèrú ẹ̀ pọ̀ nígboro. Tó bá jẹ́ Realtek nìkan lọwọ́ ẹ tó, fi OpenWrt sórí ẹ̀, Linux nìyẹn, òun àti Realtek ń gbọ́ra wọn yé.

TóyìnSólà (Òṣogbo)
Fún ẹni tí ò lówó, kọ̀ǹpútà tokunbo kékeré kan tó ní ihò kan ṣoṣo ti tó. Wá súwíìṣì olówó pọ́ọ́kú tó mọ VLAN, irú TL-SG108E yẹn. VLAN kan fún wáyà tó ń bọ̀ láti ìta, òmíràn fún ilé, méjèèjì á gba inú wáyà kan náà wọ kọ̀ǹpútà. Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì wa níbí kì í sábà yára débi tí gigabit kan ò ní gbé e. Table ló lè gbé e lé, kò dìgbà tó o bá ní ráàkì. Àwọn òyìnbó kan tiẹ̀ ń lo tábìlì Lack ti IKEA, àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ tó kó gba ẹrù ínǹṣì 19, wọ́n ń pè é ní LackRack. Káfíńtà tiwa náà lè kan irú ẹ̀, wà á sì rí i pé kò wọ́n.

Àti pé kí èyí tó bọ́ lọ́kàn mi: wọ inú BIOS (sẹ́tíǹgì ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà), wá ibi tí wọ́n kọ ohun tó máa ṣe tí iná bá padà dé, fi sí Power On. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí bátìrì bá tán pátápátá tí iná wá dé, wà á máa sáré wálé láti hóstẹ́ẹ̀lì wá tẹ bọ́tìnnì.

MummyNetwork (Abẹ́òkúta)
Mo fara mọ́ Tóyìn. Kí n fi kún un, tẹ́ ẹ bá ń fi OPNsense tàbí pfSense sórí díìsìkì, ZFS ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi UFS sílẹ̀ (ọ̀nà tí díìsìkì ń gbà to fáìlì ni méjèèjì). Ibi tí iná ti ń lọ lójijì bíi tiwa, UFS lè bà jẹ́ kó má dìde mọ́. Kẹ́ ẹ sì máa dá config.xml pamọ́ síbòmíì, fáìlì kékeré kan ni, gbogbo òfin yín ló wà nínú ẹ̀. Tí àpótí bá jóná lónìí, ẹ gbé òmíì, ẹ da fáìlì yẹn sínú ẹ̀, ẹ tún orúkọ àwọn ihò ṣe, ó parí.

Bọ̀dáPeckham
Ẹ kú ilé o. Èmi wà ní London, abẹ́ àtẹ̀gùn ni tèmi wà, mini ráàkì ínǹṣì 10, torí ilé wa kéré, aládùúgbò sì lè gbọ́ tí èèyàn bá sín. Raspberry Pi méjì, súwíìṣì kan, àpótí N100 kan. Iná ò lọ níbí àmọ́ bílì ẹ̀ ń wọ èèyàn lára nítorí náà èmi náà wà lẹ́yìn Tóyìn.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín: mo fẹ́ máa wo kámẹ́rà ilé màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ṣí port (ilẹ̀kùn tí èèyàn ń gbà wọlé láti ìta) lórí ráútà wọn, kò wọlé. Mo ti pe àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n ní kí n pa á kí n tún un tan.

AkínWáyà (Ìbàdàn)
Bọ̀dá, ẹ ní kí ẹnì kan nílé wo àdírẹ́ẹ̀sì WAN (ti ẹ̀gbẹ́ ìta) tó wà lórí ráútà yẹn. Tó bá bọ́ sáàárín 100.64 sí 100.127, CGNAT ni, ìyẹn ni pé ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà míì lẹ jọ ń lo àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan ṣoṣo, kò sí port tẹ́ ẹ lè ṣí tó máa ṣiṣẹ́. Lórí 4G àti Starlink náà, bó ṣe sábà ń rí nìyẹn.

Ẹ yí i padà. Kí ilé màmá ló máa pè yín. Ẹ fi WireGuard (VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín ilé méjì) sórí àpótí N100 ti London, ẹ ṣí UDP 51820 níbẹ̀ torí ó ṣeé ṣe kí tiyín ní àdírẹ́ẹ̀sì gidi. Lẹ́yìn náà ẹ fi nǹkan kékeré kan sí Ìjẹ̀bú-Òde, Pi kan ti tó, kó máa pe London, ẹ kọ PersistentKeepalive = 25 sí i kí ọ̀nà náà má bàa pa dé. Látìgbà yẹn lọ ẹ ti wà nínú ilé màmá, ẹ ò sì ṣí kámẹ́rà sí gbogbo ayé. Tí London náà bá wà lẹ́yìn CGNAT, ẹ lo Tailscale, òun á bá yín wá ọ̀nà láàárín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣí ojúewé firewall fúnra ẹ̀ síta kẹ́ ẹ lè máa "wọlé láti ibikíbi".

Bọ̀dáPeckham
100.72 ni! Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa tọ́jú yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi wò ó.

Bàbá_Tẹlifóònù (Ògbómọ̀ṣọ́)
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi dùn. Iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, ohun kan lẹ ò tíì dárúkọ: àrá.

Mo rí fọ́tò ẹnì kan tó fa wáyà Cat6 láti ilé ńlá lọ sí bọ́ìsì-kọ́tà, ó gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí àrá bá sán nítòsí, wáyà bàbà yẹn ló máa gbé e wọlé, súwíìṣì á kú, firewall á kú, nígbà míì kọ̀ǹpútà tó wà létí ẹ̀ á bá a lọ. Fáíbà ni kẹ́ ẹ fà láàárín ilé méjì, kẹ́ ẹ fi media converter (ẹ̀rọ tó ń so fáíbà mọ́ wáyà) sí orí kọ̀ọ̀kan. Gíláàsì ni inú fáíbà, iná ò lè gbà á kọjá, àmọ́ ẹ ra èyí tí kò ní irin lára. Ráàkì fúnra ẹ̀, ẹ fi wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò so ó mọ́ ẹ́ẹ̀tì ilé, kí ẹ́ẹ̀tì náà sì jẹ́ èyí tó wọlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe irin kúkúrú tí wọ́n rì sínú iyanrìn gbígbẹ.

Wáyà tí wọ́n ń tà lọ́jà náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní Cat6, alumíníọ̀mù ni, bàbà ni wọ́n kàn fi bò ó lára. Ẹ fi ọ̀bẹ ha okùn kan. Tó bá funfun nínú, ẹ dá a padà fún un. Tẹ́ ẹ bá gba PoE (iná tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kọjá nínú irú ẹ̀, kámẹ́rà tó jìnnà ò ní rí iná tó, wáyà á sì máa gbóná.

Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú afẹ́fẹ́ ráàkì. Ọmọ́ńlé fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, tó bá wọ inú pówà, òun àti pówà ni wọ́n jọ ń kú. Nígbà oyé, eruku á dí nẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ máa gbọ̀n ọ́n.

ỌmọIfẹ̀
Bàbá ẹ ṣé o, a dúpẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ha wáyà mi, funfun ni 😭

ÒgáSáfà (Ìkẹjà)
Ó dáa, èmi náà ní nǹkan kan tí mo lè kọ́ yín. Ìlà méjì. Fáíbà ni Tier 1, ráútà 4G ni Tier 2, ẹ kó wọn sínú gateway group (àkójọ àwọn ọ̀nà àbájáde lórí firewall; Tier 1 ló ń ṣáájú, Tier 2 á gba iṣẹ́ tó bá kú), ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ tó máa máa pè láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì wà, 1.1.1.1 fún ti àkọ́kọ́, 8.8.8.8 fún ìkejì. Ẹ má jẹ́ kó máa pe ráútà tó wà nítòsí nìkan, torí ráútà lè wà láàyè kó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì ti kú lẹ́yìn ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ òfin pé tó bá ti bọ́ sórí 4G, tẹlifíṣọ̀n àti update Windows kó dúró, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ data oṣù kan á lọ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Àmọ́ ẹ rántí March 14, 2024, ìgbà tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 já lábẹ́ òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abidjan. Ẹlòmíì ní ìlà méjì, méjèèjì gba abẹ́ òkun kan náà, méjèèjì wó lulẹ̀ pọ̀. Equiano, okùn míì, kò já nígbà yẹn. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìlà kejì, ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà wo ló ń gbà jáde, tàbí kẹ́ ẹ mú èyí tó ń gba ojú sánmà.

TóyìnSólà (Òṣogbo)
Ọ̀gáSáfà, èyí dáa gan-an, mi ò ro ti abẹ́ òkun yẹn rí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì bọ́ àwọn ohun kékeré 12V tààrà láìgba íńfátà (ONT tó jẹ́ àpótí fáíbà, ráútà, àpótí N100), ó ń dín iná tó ń ṣòfò kù, àmọ́ bátìrì "12V" tó ń gba chárìjì lè gùn dé 14.4V. Ẹ fi regulator tó lè gbé e sókè tó sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sáàárín, kó máa tú 12V jáde nígbà gbogbo, kẹ́ ẹ sì fi fíúùsì sí etí bátìrì níbẹ̀, kó má jìnnà sí i. Lithium tó bá ṣe shọ́ọ̀tì kì í bá èèyàn ṣeré.

MummyNetwork (Abẹ́òkúta)
Kẹ́ ẹ tó gbé fọ́tò míì síta, ẹ tún un wò. Mo rí fọ́tò kan níbí tí serial number àti password Wi-Fi wà lára sítíkà ráútà ketekete, mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni náà ní kọ̀rọ̀. Ẹ bo sítíkà, ẹ bo QR, ẹ bo àdírẹ́ẹ̀sì ìta tó bá hàn lójú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ sì pa location lórí kámẹ́rà fóònù yín, torí fọ́tò náà lè máa gbé ibi tí ilé yín wà kiri.

ÒgáSáfà (Ìkẹjà)
Ìròyìn rèé o. Mo ti gbé pfSense kúrò nínú ẹran ńlá, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà kékeré (Tiny) tokunbo kan, mítà ń sọ 14W. R720 ti di ti ẹ̀kọ́, ọjọ́ tí mo bá fẹ́ ṣe lab nìkan ni mo máa tan án láti orí iDRAC (ohun tó ń jẹ́ kí n darí sáfà láti ọ̀nà jíjìn). Ìyá àwọn ọmọ ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ilé wa lè dákẹ́ báyìí. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ RAM lára ẹ̀, 64GB wà fún títà.

ỌmọIfẹ̀
Ọ̀gá mi, eélòó ni jálẹ̀? Ṣé á wọ kọ̀ǹpútà OptiPlex?

ÒgáSáfà (Ìkẹjà)
Kò ní wọ̀ ọ́, ECC registered ni, ti sáfà ni. Wá sí inbox, mo ní SSD 240GB kan tí mi ò lò, máa wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ tó o bá wá sí Èkó.